Ọmọ Ẹ̀yìn Bọ́ọ̀sì

Òórùn ọ̀dà ni mo fi máa ń rántí àwọn ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbi tí mo ti ń ránṣọ, kò sí àdúgbò tí o máa gbà kọjá tí o ò ní rí ẹni tó gun àkàsọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Gbogbo pátákó ilé ẹ̀kọ́, ti ilé ìwòsàn, ti ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ti kọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sí lára tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń pa rẹ́ tí wọ́n sì ń kọ tuntun sí. Iṣẹ́ pọ̀ fún àwọn ayàwòrán débi pé ẹni tí kò ṣe ju kó kun fèrèsé lọ tẹ́lẹ̀ náà ra búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó ní ayàwòrán lòun. Ọ̀kan nínú wọn ló fi ọmọ mi sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì.

Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ irú bàbá tí mo jẹ́. Ọdún méje ni èmi àti ìyàwó mi fi retí ọmọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé, mo di ẹni tí ń ti ìka bọ omi ìwẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìyá rẹ̀ tó gbé e sínú rẹ̀. Bí a bá lọ kí èèyàn nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo máa ń ka àtẹ̀gùn kí n tó jẹ́ kó gùn ún. Bó bá fẹ́ jẹ ẹja, èmi ni mo ń yọ eegun rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì máa wò mí títí, á ní, "Bàbá ọmọ, ẹ ti sọ ẹja di ẹ̀tù. Kí ló kù tó fẹ́ jẹ?" Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ló sì wà lẹ́nu àwọn èèyàn nígbà náà. Bí mo bá gbọ́ pé ọmọ kan sọnù ní ìlú tí mi ò dé rí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi ní jẹ́ kí tèmi ṣeré dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo fọwọ́ ara mi rán aṣọ fún un: aláwọ̀ ojú ọ̀run, kọ́là funfun, bọ́tìnnì mẹ́fà níwájú. A mú un lọ sílé onífọ́tò. Onífọ́tò ti múra tán, ṣùgbọ́n kọ́là apá ọ̀tún ga ju ti òsì lọ díẹ̀. Mo tún un ṣe. Ó tún wọ́. Mo tún un ṣe. Nígbà tí mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọmọ ti gbé ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó ti yọ ẹnu síwájú, ó sì ń wò mí bí ìyá àgbà tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ wálé. Onífọ́tò kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi, ó yà á bẹ́ẹ̀. Fọ́tò náà dára kọjá bí mo ṣe rò. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà náà, ó fi ẹ̀dà kan sínú àpótí onígíláàsì tó gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i pé ó mọṣẹ́. Mo kọjá níbẹ̀, mo rí i, inú mi dùn, nítorí kọ́là náà dọ́gba. Mi ò ronú kan ohun mìíràn. Èmi tí mo ń ka àtẹ̀gùn.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí oníbàárà mi kan tó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní òun rí ọmọ mi ní Ìṣẹ́ Èkìtì. Mo ní kò lè jẹ́ òun, ọmọ mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi àjákù aṣọ wọ bèbí rẹ̀.

"Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni mo ti rí i, télọ̀. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀."

Mo ju ṣísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo gba gáréèjì lọ. Bọ́ọ̀sì kan tí ń ná Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ́ àti Ẹ̀mùré ni. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó síwájú, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo yí lọ sẹ́yìn. Àwòrán ọmọbìnrin kan ni mo rí, orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ojú kan ń wo ọ̀nà Adó, ìkejì ń wo ọ̀nà Àkúrẹ́. Ọwọ́ wà ní ìbàdí, ẹnu yọ síwájú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: ṢÉ MO JỌ ỌMỌDÉ LÓJÚ RẸ?

Kí n sọ òótọ́, kò sẹ́ni tí kò mọ fọ́tò náà dáadáa tí ì bá mọ̀ pé ọmọ mi ni. Ká ní mo padà sílé lọ́jọ́ náà ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n mo bi awakọ̀ léèrè ibi tí ayàwòrán rẹ̀ wà, mo sì wá a lọ. Mo bá a níbi tó ti ń kọ pátákó ilé ìwòsàn kékeré kan, ọ̀dọ́kùnrin tí ọ̀dà ti ta sí gbogbo irun orí rẹ̀.

"Ìwọ lo ya ọmọ mi sẹ́yìn bọ́ọ̀sì?"

"Ọmọ yín kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, èmi ò mọ ọmọ yín. Inú àpótí onífọ́tò ni mo ti rí ọmọ tí mo yà."

"Òun náà ni."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Kò mà jọ yín."

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú. Mo fa ẹ̀dà fọ́tò tèmi yọ látinú àpò mi, mo nà án sí i. "Wò ó dáadáa. Ṣé orí rẹ̀ tóbi tó báyẹn? Bọ́tìnnì mélòó lo kà níbí? Mẹ́fà! Mẹ́rin lo yà. Kọ́là yìí rí roboto, ìwọ ṣe tìrẹ ní ṣónṣó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ sì jìn díẹ̀, o ò fi í hàn rárá."

Ó gba fọ́tò náà, ó ń mi orí bí ẹni tí olùkọ́ ń là lọ́yẹ. "Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ibi ojú yẹn ló ń dà mí láàmú. Gíláàsì onífọ́tò dọ̀tí, mi ò rí i dáadáa." Ó ní kí n fi fọ́tò náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo fi í sílẹ̀. Títí di òní, mi ò lè sọ ohun tó ṣe mí. Torí kó lè pa àwòrán náà rẹ́ ni mo ṣe lọ bá a, ṣùgbọ́n kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti fa téèpù yọ lọ́rùn mi, mo ti fi wọn orí ọmọ nínú fọ́tò fún un, kó má baà ṣi í yà mọ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó jókòó sílẹ̀ kó lè rí ẹ̀rín rín dáadáa. "Bàbá ọmọ, ṣé ẹ lọ bá a jà ni, àbí ẹ lọ kọ́ ọ níṣẹ́?"

Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ mi gan-an ló wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà, pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nítorí pé ó ti wá dára, gbogbo èèyàn ló fẹ́ tiẹ̀. Onídìrí kan ní Ìkẹ́rẹ́ ní kí wọ́n yà á sí pátákó òun, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé: JÓKÒÓ JẸ́Ẹ́ KÓ LÈ DÁRA. Ẹnì kan tó ń lẹ táyà nítòsí gáréèjì Ìṣẹ́ yà á sára ògiri: AFẸ́FẸ́ TÁYÀ RẸ ŃKỌ́? Olóúnjẹ kan ní Ẹ̀mùré kọ tiẹ̀: ṢÉ O TI JẸUN? Ilé ìwòsàn kékeré yẹn náà fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn: ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA ỌMỌ RẸ DÀ? Ìwò kan náà ni ọmọ ń wò, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń yí padà, kò sì sí èyí tí kò bá ojú náà mu. Nígbà tó yá, àwọn ayàwòrán tí kò rí fọ́tò rí bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó yà látara bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan sọ aṣọ rẹ̀ di pupa. Òmíràn fi yẹtí sí i létí. Ẹnì kan ní Ìṣẹ́ fi awò sí i lójú.

Mo mú bébà tí mo fi ń gé pátánù, mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀: ìlú, ibi tó wà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, iye bọ́tìnnì. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń pa mí láyà ni pé àwọn tí mi ò mọ̀ ti mọ ojú ọmọ mi kan ṣoṣo. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń lọ bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ní gáréèjì, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, bá mi pa á rẹ́."

"Télọ̀, àwọn èrò fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì tó ti fẹ́ kún sílẹ̀ wá wọ tèmi."

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ lọ wọn aṣọ fún àwọn akọrin ìjọ kan ní Ẹ̀mùré. Ìyá ọmọ ti lọ sóko, ni mo bá mú ọmọ dání. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni obìnrin kan tó ń sun àgbàdo figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Ọmọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì rè é! Ó ti sọ̀ kalẹ̀!" Àwọn èèyàn yí wa ká. Mo rò pé ọmọ á sunkún. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó yọ ẹnu síwájú. Ariwo ta. Ìyá arúgbó kan ki àgbàdo sísun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́: "Gbà, ọmọ mi, jẹ ẹ́ dé ulé." Kò sí ẹni tó ṣe wá ní ibi níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò dúró. Mo gbé e lé èjìká, mo wọ ọkọ̀ tó ń padà sí Ìkẹ́rẹ́. Mi ò wọn akọrin kankan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti rán fìlà kan fún un, tí etí rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́rin yípo. Mo ní kò gbọ́dọ̀ jáde láìdé e. Ẹni tí kì í wò ó tẹ́lẹ̀ wá ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ fìlà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bi ìyá rẹ̀ bóyá ojú ń dùn ún. Ó fi bí oṣù kan dé e, kò bá mi jiyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wá dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Bàbá, ṣé ojú mi burú ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ń bò ó."

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ṣí fìlà náà kúrò lórí rẹ̀, mo mú abẹ, mo tú gbogbo ojú rírán fìlà náà níṣojú rẹ̀. Mo wá bi í bóyá ó fẹ́ rí bọ́ọ̀sì náà, nítorí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ni mo ń lọ sí gáréèjì, mi ò jẹ́ kó débẹ̀ rí. Ó fò sókè. Mo tú etí aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn sílẹ̀ ní ínǹṣì méjì, torí ọmọ ti ga sí i, aṣọ náà sì wọ̀ ọ́.

Nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì ń dán gbinrin. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Ẹyẹ idì kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ sáré wá pàdé mi, ó ń nawọ́ kí mi.

"Télọ̀! Ọkàn yín balẹ̀ wàyí? Àná ni wọ́n kùn ún tán."

"Ta ló ní kí o pa ọmọ mi rẹ́?"

Ọwọ́ tó nà sí mi dúró lófuurufú. "Ẹ̀yin náà kọ́? Àràárọ̀ kọ́ lẹ ń wá bẹ̀ mí? Ìyàwó mi ló ní àánú yín ń ṣe òun, ló ní kí n ṣe é."

Ọmọ ti yí bọ́ọ̀sì náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó padà wá bá mi. "Bàbá, níbo ni mo wà?" Mo fi ìka hàn án pé abẹ́ ẹyẹ yẹn ni. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ tán sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà títí a fi délé. Ìyá rẹ̀ fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ náà, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nísinsìnyí, ọmọbìnrin náà ti ní ọmọ tirẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Láìpẹ́ yìí, ó fi fọ́tò ọmọkùnrin rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, níbi tí ọmọ náà ti ń yán gbàà pẹ̀lú ojú dídì. Inú mi dùn, mo fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ ìjọ wa tó wà lórí fóònù. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà wá bá mi láti ọ̀dọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí: NÍGBÀ TÍ PÁSÍTỌ̀ NÍ ÒUN FẸ́ KÁDÌÍ Ọ̀RỌ̀ ÒUN. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni fóònù dún.

"Bàbá, ta lẹ fi fọ́tò ọmọ mi ránṣẹ́ sí? Èèyàn mélòó ni wọ́n? Ta làwọn náà fi ránṣẹ́ sí?"

Mo ní àwọn mọ́kànlélógójì ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, lẹ́yìn wọn, mi ò mọ̀. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ fún un pé ojú ọmọ tó ń jẹ́ káwọn èèyàn rẹ́rìn-ín kò pa ọmọ lára, pé òun fúnra rẹ̀ dàgbà, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n mo rántí bí mo ṣe gbé e sá kúrò ní Ẹ̀mùré. Bí mo tilẹ̀ ń fi ara mi rẹ́rìn-ín lónìí, kò sí ẹni tí ì bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán yọ ẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn mi nígbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo jókòó, mo kọ̀wé sí àwọn mọ́kànlélógójì náà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pa á rẹ́. Mọ́kàndínlógún ti dá mi lóhùn.