Ọ̀pẹ Àkùrọ̀ Baba Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń tẹ̀lé baba mi lọ sí oko wa lápá Òtu, ilé wa kì í ra ẹmu. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pẹ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n baba baba mi gbin díẹ̀ sí àkùrọ̀ ẹ̀bá odò, ó sì ń pọnmi sí wọn lẹ́ẹ̀rùn títí wọ́n fi dàgbà. Baba mi ló wá ń dá ẹmu wọn. Láàárọ̀, á fi igbà gun ọ̀kan, èmi á dúró nísàlẹ̀, màá máa gbọ́ bí oyin ṣe ń kùn lókè lọ́hùn-ún. Bó bá sọ̀kalẹ̀, á bu díẹ̀ fún mi. Ó funfun bíi wàrà, ó ń hó, ó dùn, ó sì ń ta ètè díẹ̀. Ìyá mi á ní kó má sọ ọmọ òun di ọ̀mùtí. Baba mi á ní omi igi lásán ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi kúrò nílé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo padà dé, àwọn ọ̀pẹ náà ṣì dúró, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gùn wọ́n. Ohun tí wọ́n ń tà nígboro, omi àti ṣúgà ni. Mo bẹ ọmọ àbúrò mi, géńdé ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà, tí oko náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kó wá ẹni tí yóò bá mi dá ẹmu wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú mi.

Nígbà tó yá, ó gbé odidi kẹ́ẹ̀gì kan wá. Mo tọ́ ọ wò, ẹmu baba mi ni. Mo ṣàdúrà fún un gidi. Ó ń gbé e wá bẹ́ẹ̀, mo sì ń pe àwọn ẹgbẹ́ mi wá mu ún. Lọ́jọ́ kan mo ní kó gbé mi lọ wo àwọn ọ̀pẹ náà.

Gbogbo wọn ló wà nílẹ̀. Wọ́n ti dá ihò sí wọn lórí, wọ́n gbé ike sábẹ́ ihò náà, ẹmu sì ń kán sínú rẹ̀.

"Ta ló gé wọn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹmu lẹ ní ẹ fẹ́. Mo wá adẹ́mu dé Ìlúà, n kò rí ẹni tó lè gùn ún mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn."

Ó tún bi mí bóyá kí òun gbé ẹmu tó kù wálé.

Láyé ìjọ́sí, èèyàn ló ń gòkè lọ bá ẹmu, á sì sọ̀kalẹ̀ fi igi sílẹ̀ níbi tó bá a. Lóde òní, igi ló gbọ́dọ̀ wó wá bá èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ní ayé ti rọrùn, n kò jiyàn. Ohun tí baba baba mi fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́, ẹ̀rọ ìgégi parí rẹ̀ kí oòrùn tó kanrí. Ọmọ yẹn kò jalè, kò sì rí mi fín. Ó fẹ́ ṣe ohun tí mo fẹ́ ni. Inú ń bí mi láti ọjọ́ náà, n kò sì tíì rí ẹni tí màá bínú sí.