Àpò Ọ̀rá Tí Mo Kọ Odìgbò Sí

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé òótọ́ nìkan ló kù tí a kò tíì tà lọ́jà Ọ̀rẹ̀. Adìẹ ni mò ń sìn nígbà náà, lẹ́yìn ilé wa ní Odìgbò, òun ni mo sì fi ń jẹun. Adìẹ fàyàwọ́ ti kún ìgboro. Nínú yìnyín ló ń bá wọlé, kò sẹ́ni tó mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti pa á tàbí ìgbà tí wọ́n pa á. Èmi wá gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Mo lọ tẹ àpò ọ̀rá, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé Odìgbò la ti sin adìẹ yìí. Mo fi orúkọ mi àti àdúgbò wa sí i, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí a pa á. Mo máa ń gbé ọ̀kan wò bí ẹni ń wo fọ́tò ìgbéyàwó.

Ìyá kan tó ní fìríìsà ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ló ń bá mi ta adìẹ náà. Nígbà tó ní kí n fún òun ní ọ̀rá díẹ̀ sí i, torí àwọn kan ti ya, odidi ìdì kan ni mo gbé fún un, mo tún dúpẹ́. Mo ní ó ń bá mi polówó. N kò bi ara mi pé kí ló fẹ́ kó sínú wọn nígbà tí adìẹ mi kò tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti Èkìtì gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà wa, ó mú ọ̀rá mi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ọsibítù, ó ti ń bì láti ìjẹta. Adìẹ inú ọ̀rá náà ló jẹ. Mo wò ó, wọn kò kọ ọjọ́ kankan sí i, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣàì kọ ọ́. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Tíṣà kò pariwo.

“Mo ti dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn,” ó ní. “Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kó o wá. Orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀, mà. Ta ni kí n tún lọ bá?”



Ọmọ náà yè, inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn dé ìlú Ajue kí ọmọ náà tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ibòmíràn. Nígbà tí n kò rí oúnjẹ fún àwọn adìẹ mọ́, mo tà wọ́n lọ́pọ̀, mo sì wó ilé wọn. Ó dùn mí gan-an, kò sì tíì tán nínú mi.

Lónìí, inú ọ̀rá lásán ni adìẹ wà lọ́jà Ọ̀rẹ̀, kò sí orúkọ ìlú, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń rà á. Èmi náà ń rà á. N kì í béèrè ibi tó ti wá, torí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá dáhùn.