Kásẹ́ẹ̀tì Dúró

Wúrà ni àwọn obìnrin Ajah máa ń rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Sìlífátù tí ń yan ẹja ra fídíò. Ó gbé e délé lọ́dún 1982, ó fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

"Àlájà, ṣé fídíò lẹ máa fi sọ́rùn lọ́jọ́ Iléyá ni?"

"N ó fi sọ́rùn," ni Sìlífátù wí. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà má wá wò ó nílé mi."

Wọ́n wá wò ó. Gbogbo wọn ni.

Torí Dúró àbúrò rẹ̀ ló ṣe rà á. Ìyá wọn ti sin ọmọ léraléra kí ó tó bí èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dúró, bóyá yóò dúró. Ó dúró, ó dàgbà, ó kọ̀ láti tẹ̀lé ọkọ̀ ẹja, ó lọ bá ẹgbẹ́ òṣèré Ọ̀gá Odùbánjọ. Ipa kan ṣoṣo ni Ọ̀gá rí fún un níbẹ̀: olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn nínú eré, Dúró á yọ orí, á ní, "Kò sẹ́ni nílé! Ẹ máa lọ!" Èrò á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Odùbánjọ ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù. Ó gbà pé bí òun bá ti dákẹ́, eré parí nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé eré náà jáde, ìrọ̀lẹ́ náà sì ni ọkọ̀ ẹja ń gúnlẹ̀. Sìlífátù kò lè fi ẹja tútù sílẹ̀ lọ wo àbúrò rẹ̀. Ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó tẹ bọ́tìnnì fídíò kí ó máa ká eré náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó padà sídìí ààrò. Fídíò ló bá a wò ó.

Eré kan ṣoṣo ló rí ká. Kí ó tó ká òmíràn, ọkọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré dojú dé lọ́nà Ìbàdàn. Táyà rẹ̀ ti fá kodoro. Awakọ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá sì ti ní kí ó máa wà á lọ. Dúró kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Kò ya fọ́tò kan rí. Ọ̀gá kò wá sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ní òun ń múra eré tuntun.

Fídíò ló wá gbé Ọ̀gá dé Ajah. Inú ń bí àwọn olórí òṣèré nígbà náà: wọ́n ní bí ènìyàn bá ti ká eré sílé, ta ni yóò tún wá wò ó ní gbọ̀ngàn? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé gbọ̀ngàn wo ló wà ní Ajah. Lẹ́yìn ìrun Alaásárì lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá dé pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn méjì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀rọ olè wà nínú ilé yìí! Àlájà, ẹ gbé eré mi tí ẹ jí jáde!"

Sìlífátù dìde nídìí ààrò, ó nu ọwọ́. "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá. N ò jí eré. Mo gbà á sílẹ̀ ni."

"Ẹ gbà á sílẹ̀?" Ọ̀gá yíjú sí èrò, bó ti máa ń ṣe lórí ìtàgé bó bá fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé inú ọkọ̀ tó dojú dé ló wà ni, tẹ́ ẹ fi gbà á sílẹ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Dúró ló wà nínú ọkọ̀ tó dojú dé," ni Sìlífátù wí. "Ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin ò gbà á sílẹ̀."

Ẹ̀rín dá. Ọ̀gá nawọ́ sí ilé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú fídíò jáde.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, Ọ̀gá, kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ mú."

"Ojú tèmi ò ní wo ẹrù olè!"

Ó da kẹrosíìnì lé e, ó ṣáná sí i. Ó wá ń sọ̀rọ̀ lórí ìyà tó ń jẹ òṣèré, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n dáadáa, títí Bàbá Tàjùdéèn, lemọ́mù àgbà, fi fi ọ̀pá tilẹ̀ dé.

"Sìlífátù, wáàsí tí wọ́n pè mí ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nínú Ààwẹ̀, tó o bá mi ká, ó dà? Àwọn ará Eléko fẹ́ yá a."

"Òun ló ń jó yẹn, Bàbá."

Lemọ́mù wo iná, ó wo Ọ̀gá. "Wáàsí mi lẹ sun?"

Òun kò pariwo. Àwọn tó ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ ló bá a pariwo. Ọ̀gá Odùbánjọ, ẹni tó máa ń ṣe ọba lórí ìtàgé, sá dé ìdí ọkọ̀ láìdé fìlà.

Kásẹ́ẹ̀tì Dúró wà nínú àpótí tí Sìlífátù gbé lọ sí Mẹ́kà, láàárín aṣọ. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ọdún mélòó kan kọjá. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n má baà ra téèpù tuntun, ti ká bọ́ọ̀lù àti ìròyìn lé gbogbo eré Odùbánjọ lórí. Gbọ̀ngàn ti ṣófo. Àwọn tó ń pe fídíò ní olè ti ń fi ọwọ́ ara wọn ta eré nínú kásẹ́ẹ̀tì, ojú kò sì tì wọ́n. Ọ̀gá náà fẹ́ tà, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan tí yóò tà. Ó padà wá sí Ajah, ó kó ọsàn sínú báàgì.

"Àlájà mi," ló wí lẹ́nu ọ̀nà, "mo gbọ́ pé eré mi kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, èyí tí mo ti ṣe ọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀."

Sìlífátù dúró kí ó dárúkọ Dúró. Kò dárúkọ rẹ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀, Ọ̀gá."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde nínú àpótí, ó wá ibi tó fẹ́, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Láti ìta, Ọ̀gá gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn nínú eré. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dáhùn, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin:

"Kò sẹ́ni nílé! Ẹ máa lọ!"

Sìlífátù dá a padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Kò sẹ́ni nílé! Ẹ máa lọ!" Ó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí Ọ̀gá ṣíná ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá gbé ọsàn rẹ̀ dání lọ.