Ẹni Tó Ń Kan Òrùlé Ọkọ̀ ní Niger Street

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Ẹ ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ọtí kì í kan ẹnu mi, oorun kò sì sí lójú mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn Kano mú débi pé irin ọkọ̀ ń jó ọwọ́. Ojú mi méjèèjì ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Mẹkáníìkì ni mí ní Sabon Gari. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá bàbá mi débẹ̀. Ọkọ̀ tí mò ń sọ, ti ìdílé kan ní Niger Street ni. Bàbá tó ni ín ti kú láti bí ọdún mẹ́ta. Ó ku Màmá, ìyàwó rẹ̀.

Ọkọ̀ ọlọ́lá àtijọ́ ni, irú èyí tí kò ní sípíríǹgì lábẹ́. Ọ́ìlì ló gbé e dúró. Bí ẹ bá fa ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, á rọra kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí. Bí ẹ bá dá ọ̀pá náà padà, á dìde. Egungun ìbàdí Màmá ti ṣẹ́ rí, ọkọ̀ yìí nìkan ló lè wọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e bí ọmọdé.

Nígbà ayé Bàbá, òun fúnra rẹ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan òrùlé lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ mú ọkọ̀ wálẹ̀, ìyàwó òun fẹ́ wọlé. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìró yẹn.

Nígbà tó yá, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ọkọ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò dìde mọ́. Ni àkọ́bí Màmá, Bọ̀dá Táyọ̀, bá dé láti Èkó.

"Abeg, ẹ pe àwọn gwangwan kí wọ́n wá ra irin yìí," ló wí fún mi. "If e no carry Màmá go church on Sunday, Monday ni mò ń mú un lọ Èkó. Finish."

Màmá wà lórí àga rẹ̀ ní ìloro. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé ló fọwọ́ pè mí.

"Ibi tí ayé bá ti báni là á ti í jẹ ẹ́," ó ní. "Kano ni mo ti bí ọmọ márààrún, ibí ni mo sin ọkọ mi sí. Don Allah, ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n kó mi lọ."

Inú bí mi gidigidi. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa kó o lọ níbì kankan, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi bá ṣì lè di sípánà mú.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lásìkò ìrun Jímọ̀. Bọ̀dá Táyọ̀ ti lọ sí France Road, Màmá ń sùn nínú yàrá, àdúgbò pa lọ́lọ́. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo ti ìtì igi mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, mo sì yọ jáàkì kúrò. Mi ò kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tí kò bá sí igi lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà máa kánjú. Lẹ́yìn náà mo da gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú báàfù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kò sí ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, jáàkì ti kúrò. Òkú irin ni.

Mo wọ abẹ́, mo rí páìpù tó ti là. Mo ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí òrùlé.

Kó, kó.

Mo yí ojú wá ẹsẹ̀ ẹni tó dúró níbẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì. Mo ní bóyá ẹyẹ ni.

Kó, kó.

Ọkọ̀ náà bá dìde. Ẹ gbà mí gbọ́. Ó kúrò lórí igi ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, mo ń rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán láàárín igi àti irin. Ó dúró bẹ́ẹ̀ lókè àyà mi, kò sì sí ohun tó gbé e.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Gbogbo irun ara mi ló dìde. Ṣùgbọ́n ìbínú tún wá bo ẹ̀rù yẹn mọ́lẹ̀.

"Bàbá," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ pa mí, ẹ pa mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa mí, Èkó ni Màmá ń lọ."

Nígbà tó ṣe, ọkọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí igi, jẹ́ẹ́.

Mo wọ́ jáde. Mo yí ọkọ̀ po, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo mọ àwọn tí ì bá ti sá dé Railway Quarters. Èmi mu omi, mo ṣépè díẹ̀, mo sì tún wọ abẹ́ rẹ̀ padà. Ṣé òkú ló máa wá lé mi nídìí iṣẹ́ ni? Mo pààrọ̀ páìpù àti rọ́bà ẹnu rẹ̀, mo rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ti dìde, ẹ̀kán ọ́ìlì kan kò jò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Bọ̀dá Táyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Mo mú ọkọ̀ kúnlẹ̀. Màmá wọlé fúnra rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn lápá òsì. Mo ti ilẹ̀kùn, mo bọ́ sídìí ọkọ̀, mo gbé e dìde.

Ìgbà náà ni ẹ̀yìn ọkọ̀ lápá ọ̀tún wálẹ̀ lójijì, ó sì tún gbéra padà. Ọ́ìlì tó ń jò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wo dígí. Màmá fa etí ìró rẹ̀ mọ́ra, bí ẹni tó ń fún ẹlòmíràn láàyè. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ náà.

"Ẹ lè bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín dé ibi tí ẹ ti wá."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Má wẹ̀yìn, ọmọ mi. Mu tafi, ó yá, ká máa lọ."

Bọ̀dá Táyọ̀ nìkan ló padà sí Èkó ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni mo ṣì ń gbé Màmá lọ, ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ń wálẹ̀ lápá ọ̀tún. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣọ́ ọ ni tàbí ó ń dúró dè é. Bó bá jẹ́ pé ó ń dúró dè é ni, kó máa dúró. Màmá kò tíì ṣetán, kò sì tíì rẹ èmi náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àtiwọkọ̀ ọ̀fẹ́, bí ẹ bá pàdé wa ní Niger Street, ẹ má dá wa dúró. Ẹ ó máa rò pé àyè kan ṣófo lẹ́yìn. Ènìyàn wà níbẹ̀.