Obìnrin Inú Géèmù Tó Tẹjú Mọ́ Ìyá Mi

Láàárín àwọn ọdún náíntíìsì ni bọ̀dá mi ti òkè òkun dé pẹ̀lú ẹ̀rọ géèmù kan tí kò jọ èyí tí a mọ̀. Géèmù oníkàsẹ́ẹ̀tì la mọ̀, èyí tí àwòrán kékeré máa ń fò kiri nínú rẹ̀. Àwo pẹrẹsẹ tó ń dán bíi dígí ni eléyìí ń lò, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló sì wà nínú rẹ̀, bíi ti fíìmù gan-an. Ṣùgbọ́n fíìmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn wọ̀nyí máa ń dúró. Wọ́n á kọjú sí ọ, wọ́n á máa mí, títí wàá fi tẹ nǹkan.

Ilé bọ̀dá ní Ṣàngó ni mò ń gbé nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, bọ̀dá ti lọ sí Challenge, ìyá wa sì ti Gàmbàrí wá kí wa. Nígbà tó kírun Àìlà tán, ó ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n fún òun. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ò tíì ṣí, ni mo bá ki àwo kan bọnú ẹ̀rọ.

Obìnrin kan ló wà nínú ilé ńlá kan, ọkùnrin kan tó bojú ń wá a kiri. Ẹni tó bá mú páàdì, ohun tí wọ́n fi ń darí géèmù, lọ́wọ́ ló máa yan ilẹ̀kùn tí obìnrin náà máa gbà sá. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi bó ṣe ń lọ. Obìnrin náà dé ibi tí ilẹ̀kùn méjì wà, ó yíjú padà, ó tẹjú mọ́ wa, ó sọ nǹkan jẹ́jẹ́.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ibo ni kí òun gbà, Ìyá.”

“Ta ló ń bi?”

“Àwa ni.”

Ìyá mi sún sẹ́yìn lórí àga, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. “Ó ń rí wa ni?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo dá wà pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn. Mo tẹ apá òsì. Ilẹ̀kùn ṣí, ọwọ́ kan yọ látinú òkùnkùn, ó gbá obìnrin náà lọ́rùn mú. Bó ṣe figbe ta báyìí ni àwo há. Àwòrán dúró gbagidi, ẹnu obìnrin náà là sílẹ̀, igbe kan náà sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdákẹ́. Mo tẹ gbogbo ohun tó wà lára páàdì. Pàbó ló já sí.

“Lá ìláha illa Allahu! O ti pa ọmọ ọlọ́mọ!”

Ìyá mi já síta láìwọ bàtà, ó ń ké sí ará àdúgbò. Ẹ̀rù adigunjalè ń ba gbogbo wa lásìkò yẹn. Télọ̀ tó wà níwájú ilé wa gbọ́ igbe obìnrin láti pálọ̀, ó sì gbé ọmọ odó wọlé.

“Níbo ni wọ́n wà?” ló ń bi mí. Mo kàn nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n ni. Nígbà tó rí ojú tó wà níbẹ̀, òun náà fà sẹ́yìn, ó gbé ọmọ odó sókè. Mo fa wáyà yọ lára ògiri. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo jókòó sílẹ̀.

Bọ̀dá dé bá wa bẹ́ẹ̀. Ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu àwo náà, ó ní ara rẹ̀ tó ha ló jẹ́ kó há, pé eré ni obìnrin náà ń ṣe, pé ó wà nílé rẹ̀ lókè òkun.

“Mo gbọ́,” ìyá mi fèsì. “Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀ kí n fojú mi rí i.”

Bọ̀dá tún tan ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé páàdì lé mi lọ́wọ́, nítorí èmi ni mo fà á. Ẹ̀rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí obìnrin náà tún dé ibi ilẹ̀kùn méjì yẹn, mo tẹ apá ọ̀tún. Nígbà tó yá, obìnrin náà jáde sínú oòrùn, ó bojú wẹ̀yìn wò wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá mi rọra juwọ́ sí i.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ sílé, ó ní kí n sin òun dé títì. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú gírígírí títí tí takisí fi dé.