Ẹni Tí Àǹtí Ìyábọ̀dé Ní Kí Wọ́n Pè Ní "Ìwọ"

Tíṣà ni Àǹtí Ìyábọ̀dé, àbúrò màmá mi, ní Ìlódè. Láti ìgbà tí wọ́n ti ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì ni ọ̀rọ̀ àwọn Júù onírònú kan ti wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ní a fi ń wo èèyàn: a lè máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bíi pé àga ni, a sì lè kọjú sí i ká pè é ní "ìwọ". Àǹtí kì í fọ abọ́ tán kí wọ́n má sọ ọ́.

"Àǹtí mi," mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, "ẹ lọ pe àgbà kan ní ìwọ nílùú yìí, ẹ ó rí ìgbátí."

"Jáde níwájú mi, aláṣejù."

Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá ṣẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ wa àti ti Mọdákẹ́kẹ́ jà nítorí ilẹ̀ oko. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn kan ti ń kiri lórí Wọ́sáàpù pé obìnrin ará ibẹ̀ kan ní Ìlódè ló ń ta àwọn èèyàn rẹ̀ lólobó. Ìyá Hàlímàt nìkan ni ará ibẹ̀ ládùúgbò wa, ayálégbé Àǹtí, tó ti wà ní yàrá ẹ̀yìn láti ìgbà tí mo ti ń wọ pátá nìkan kiri.

Lọ́sàn-án Sátidé, Alága àdúgbò, Ọ̀gbẹ́ni Awóyẹmí, kó àwọn onílé wá sí pálọ̀ wa. Ìyá Hàlímàt jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn.

"Kó kó jáde lónìí," Alága wí fún Àǹtí. "Bí kò bá lọ, àwọn ọmọ tó wà níta yìí á wọlé. Mi ò ní lè dá wọn dúró."

Mo ń gbọ́ ariwo wọn lẹ́nu géètì. Ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu mi.

"Màmá wà níwájú yín," Àǹtí wí. "Ẹ yé sọ̀rọ̀ nípa wọn! Ẹ kọjú sí wọn, ẹ pè wọ́n ní ìwọ, kí ẹ wá sọ ọ́ fún wọn."

Alága yíjú. "Ìwọ..."

"Ta lò ń pè ní ìwọ?" Ìyá Hàlímàt ti dìde. "Awóyẹmí, èmi? Mo ti bímọ méjì kí ìyá ẹ tó bí ẹ!"

"Ẹ má bínú, mà." Ó ti bọ́ lẹ́nu Alága. Wọ́n ti tẹrí ba díẹ̀ kí wọ́n tó rántí ohun tó gbé wọn wá.

Lẹ́yìn "ẹ" yẹn, ọ̀rọ̀ tó kù kọ̀, kò jáde. "Ẹ... ẹ..." Wọ́n wo ojú màmá. Wọ́n wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè: "Mà, ṣé lóòótọ́ lẹ pe àwọn èèyàn yín?"

"Mo pè. Hàlímàt ọmọ mi ni mo pè. Mo ní kó wá mú mi lọ, ẹ̀rù yín ń bà mí. Ó ní, 'Màmá, àwọn tí ẹ ti ń bá gbé látọjọ́ yìí?'"

Alága jáde lọ sẹ́nu géètì.

"Ẹ máa lọ sílé. Mo ti bá màmá sọ̀rọ̀."

"Màmá wo?"

"Ẹ wọlé wá kí wọn, kẹ́ ẹ lè mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ò bá kí wọn, kó máa lọ."

Kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n lọ.

Onílé kan ṣì ń kọjá láìkí Ìyá Hàlímàt, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ni màmá wà títí dòní. Àǹtí náà ti tún ẹ̀kọ́ wọn ṣe: "Èmi àti Ìwọ" ti di "Èmi àti Ẹ̀yin" báyìí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn Júù. Bàtà ni wọ́n sọ lù mí.