Àtẹ̀gùn Inú Adágún

Kànrìnkàn ni ìyá ìyá mi fi ń fọ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan nínú báàfù, wọ́n sì ń dún bíi pé ẹnì kan ń rún egungun lẹ́nu. Ó na ọ̀kan sí mi.

“Fọwọ́ pa á wò. Ṣé ó gún ẹ?”

Mo ní kò gún mi.

“Ó dáa. Etí omi ló ń lọ.”

Ìsàlẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà ní Ìgàndó. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé títì sókè, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni gbogbo òjò àdúgbò ń wá sinmi sí. Ó ti ṣe alásè rí nílé olówó kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ṣe adágún kékeré sáàárín òdòdó, ó sì máa ń sọ pé nínú gbogbo ohun tó wà nílé yẹn, omi náà nìkan ló wu òun. Nígbà tó rí i pé omi ò ní kúrò lẹ́yìnkùlé òun, ó ní kí bíríkìlà gbẹ́ kòtò fún un, kó sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀ kó dán, kí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí omi lè mọ́ gaara.

Ó to òkúta yí etí rẹ̀ ká. Ó gbin òṣíbàtà sínú ìkòkò amọ̀, ó rì í sísàlẹ̀, ewé rẹ̀ sì léfòó. Ó fa páìpù láti orí páànù kí òjò lè máa dà sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi gúrọ́fà. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń ráhùn nítorí ẹ̀fọn, ó ra ọmọ ẹja ẹ̀pìyà sínú omi. “Àwọn wọ̀nyí ò ní jẹ́ kí tanwíjí kankan dàgbà, jàre,” ló wí. Ní ìrọ̀lẹ́, òórùn ewé tútù á gba ẹ̀yìnkùlé kan, a ó sì jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Sunday kan, àbúrò ìyá mi, tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn ìyá àgbà, mú ọmọ rẹ̀ wá láti Shasha. Ọmọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré ni. A jẹ ìrẹsì ní pálọ̀. Oníkálukú rò pé ẹnìkejì ló ń wo ọmọ. Ìyá àgbà jáde lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Alaasari, mo sì gbọ́ tí búta rẹ̀ já bọ́ sórí kọnkéré. A sáré jáde. Nígbà tí a débẹ̀, omi ti mù ún dé àyà, ìborùn rẹ̀ ń léfòó láàárín òṣíbàtà, ó na ọmọ náà sókè.

“Ẹ gbà á.”

Kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Lára ògiri adágún, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ ti bó níbi tí ọwọ́ kékeré ti ń wá ohun tó máa dì mú.

Kí àbúrò ìyá mi tó kúrò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Màámi, ẹwà tí ẹ̀ ń wá yẹn ló pa ọmọ mi.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin gbé típà iyẹ̀pẹ̀ wá láti dí i.

“Tí o bá dí i, ibo ni òjò máa lọ?” ìyá àgbà bi í.

“Màámi, kó lọ síbi tó bá wù ú.”

“Ibí náà ló máa padà sí. Á wá gbẹ́ kòtò tá ò mọ bó ṣe jìn tó. Eléyìí, mo mọ̀ ọ́n.”

Ó ní kí wọ́n gbọ́n omi rẹ̀ tán. Bíríkìlà fọ́ ògiri tó dán náà, ó fi iyẹ̀pẹ̀ yẹn kún ìsàlẹ̀, ó sì mọ àtẹ̀gùn yí inú rẹ̀ ká, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ há a lójú kó má baà yọ̀.

“Màmá, àtẹ̀gùn yìí ti kúrú jù o. Àgbàlagbà ò lè gbádùn ẹ̀,” bíríkìlà wí.

“Kì í ṣe àgbàlagbà ni mò ń ṣe é fún.”

Nígbà tó gbẹ, ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò òfìfo náà, ó kúnlẹ̀, ó di ojú rẹ̀, ó sì rákòrò jáde bí ọmọ ọwọ́. Níbi tí orúnkún rẹ̀ bá ti kọ́, ó ní kí wọ́n fọ́ ọ kí wọ́n tún un mọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí wẹ́dà jó àwọ̀n irin sí àárín rẹ̀, tí omi bò díẹ̀, tí ewé òṣíbàtà ń gba ojú rẹ̀ yọ.

“Màámi, ta lẹ wá ń ṣe èyí fún báyìí?” ìyá mi bi í.

“Ọmọ ò tíì tán láyé.”

Ṣùgbọ́n kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́.

Ó pẹ́ gan-an kí àbúrò ìyá mi tó tún wá, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin tó bí lẹ́yìn ìgbà náà mú. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n náà, ó sì dúró síbẹ̀.

“Ó yẹ kó ti wà níbí tẹ́lẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ìyá àgbà dáhùn.

Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ìyá àgbà fi kú.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ. Àwọn tó ń kọ́lé báyìí ń ṣe adágún sí ọgbà wọn, wọ́n ń fi iná aláwọ̀ mèremère sí i, wọ́n á ní kí n wá wò ó. Mo máa ń yìn wọ́n, torí ó máa ń rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó wo òdòdó tàbí ẹja, ojú mi á ti máa wá ibi tí ọmọdé lè gbà jáde. Tí mi ò bá rí i, mi ò ní lè jókòó.